Amọ̀ funfun, áásíìdì bátìrì àti omi aró: bí ẹ ṣe lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Omi tí àǹtí mi fi ń ṣan aṣọ àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn ilé ló máa ń dà á sí, bó sì ṣe ń ṣàn lọ nínú gọ́tà ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń dúdú, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ pàápàá ò jẹ́ fẹnu kan omi yẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ba ilẹ̀ jẹ́ o, kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà míì hàn án ni. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí amọ̀ nìyẹn, torí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa amọ̀ ní yunifásítì, ojú pátákó ló parí sí, kò dé ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé báyìí ni bí ẹ ṣe lè mú amọ̀ funfun lásán kẹ́ ẹ sọ ọ́ di nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìyẹ̀fun tó ń fa àwọ̀ mọ́ra tó sì lè ṣiṣẹ́ kátálíìsì (ohun tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ tán), àti omi álọ́ọ̀mù tó ń mú kí ìdọ̀tí inú omi aró dì kó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi áásíìdì se amọ̀, ìyẹ̀fun nìkan ni wọ́n ń mú, omi yẹn ni wọ́n ń dà nù, ó sì máa ń dùn mí gan-an torí òun gan-an lẹni tó ń rẹ aró nílò jù.

Kí n tètè sọ ọ́, kì í ṣe omi mímu là ń ṣe níbí. Bó ti wù kí omi aró mọ́ gaara lójú tó, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni mu. Iṣẹ́ wa ni pé kí èyí tó ń lọ sí gọ́tà má pa ilẹ̀.

Amọ̀ wo ni?

Gbogbo amọ̀ kọ́ ló ń ṣe bákan náà, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tójú wa bá lè ríran tó bẹ́ẹ̀, a máa rí i pé ewé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni inú amọ̀, tí wọ́n tò léra bí ewé tí ẹlẹ́kọ dì lọ́jà. Nínú kaolin, ìyẹn amọ̀ funfun, àwọn ewé náà lẹ̀ mọ́ra pinpin, omi ò ráyè wọ àárín wọn. Nínú bentonite, wọn ò lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tómi bá ti kàn án á wú bíi gàrí. Ara àwọn ewé yìí ní iná nẹ́gétíìfù díẹ̀ (irú ti iná mànàmáná, kì í ṣe iná tó ń jó), òun ló fi ń fa ohun tó bá ní iná pọ́sítíìfù mọ́ra. Iye tí wọ́n lè fà, ìwọ̀n 3 sí 15 ni ti kaolin nínú gíráàmù 100, ti bentonite tó dáa máa ń wà láàárín 80 sí 120, nínú mílíìkúífálẹ́ǹtì táwọn oníkẹ́mísìrì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ò kéré.

Ẹnì kan á ní ó dáa kó jẹ́ bentonite la máa lò nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá rí i tó mọ́, ẹ lò ó, kò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sun ún, ẹ lè fi áásíìdì sè é tààrà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa, òjò ti ṣan àpáta ibẹ̀ fún àìmọye ọdún, kaolin ló pọ̀ jù nínú amọ̀ tó kù. Ìjerò-Èkìtì ní i, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní i, Ifọ̀nyìn-Tẹ̀dó ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní i. Ohun tó wà nítòsí ni mo ń kọ nípa ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹfun ọjà o. Òmíràn nínú ẹ̀, amọ̀ gidi ni, òmíràn sì jẹ́ irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀kì tàbí èèpo ìgbín lílọ̀. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i lórí, tó bá ń hó ṣìì, kì í ṣe kaolin nìyẹn, tẹ́ ẹ bá da áásíìdì sí i á hó dà nù á sì jẹ áásíìdì yín gbẹ. Tó bá dákẹ́, ẹ tẹ̀ síwájú.

Fífọ̀

Ẹ gún kílò kan amọ̀ tó ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà mẹ́wàá omi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi bí ẹ̀kún ṣíbí tíì kan sódà áàṣì sí i (kì í ṣe kọ́sítíìkì o) kí àwọn ewé náà lè tú ká, kẹ́ ẹ wá fi igi rò ó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ ògì kọjá, yanrìn àti gbòǹgbò á dúró sórí asẹ́.

Ibi tó nílò sùúrù ló kù yìí. Ẹ gbé báàfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn síbi tẹ́nì kankan ò ní mì ín, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Yanrìn kéékèèké á kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ gidi ló máa ń pẹ́ lókè. Nínú omi tútù tó wà ní dígíríì 20, hóró amọ̀ tó fẹ̀ tó máíkírónì méjì (ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) máa ń fi bíi wákàtí mẹ́jọ rọ̀ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré. Omi tiwa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ti tó. Tí wákàtí yẹn bá pé, ẹ fi rọ́bà fa sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá òkè yẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì míì, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ojúlówó. Ẹ da omi míì sórí ìyókù, ẹ rò ó, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Èyí tẹ́ ẹ kó jọ, ẹ jẹ́ kó rọ̀ bí ògì, ẹ da omi orí ẹ̀ nù, ẹ sá a lórí páànù. Ẹ má fo apá yìí torí pé ó ń gbà yín lákòókò, yanrìn ò ní fa àwọ̀ kankan mọ́ra láéláé, ẹ̀ ń fi iná àti áásíìdì ṣòfò lé e lórí ni.

Sísun, òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí

Kaolin tútù, áásíìdì ò lè ṣe é ní nǹkan kan tó gbòòrò, ẹ lè sè é láti òwúrọ̀ dalẹ́, bó ṣe wọlé ni á ṣe jáde. Iná ló ń ṣí i. Láàárín dígíríì 450 sí 650, omi tó wà nínú ara amọ̀ náà gan-an, kì í ṣe omi tẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí, á jáde lọ, àwọn ewé yẹn á wó, á wá di ohun tí wọ́n ń pè ní metakaolin, tí ara ẹ̀ ti rọ̀, tí áásíìdì lè wọ̀. Ṣùgbọ́n tí iná bá kọjá bíi 950, á tún padà le, á bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan bíi tánganran, kò sì sí oògùn fún un mọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ sun bà jẹ́ báyẹn. Mo gbé e fún ẹni tó ní ààrò tí wọ́n fi ń sun tánganran, mi ò sọ fún un pé kó má jẹ́ kí iná le jù, ohun tó dá padà fún mi le bí àfọ́kù àwo, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sè é nínú áásíìdì kí n tó gbà pé mo ti pàdánù ẹ̀.

Ibi tí mo wá rí i pé ó dáa jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò. Iná igi àti koríko tí wọ́n fi ń sun ìkòkò nírú Ìpetumodù tàbí Ìsàn-Èkìtì kì í sábà le ju èyí tá a fẹ́ lọ. Ẹ bọ amọ̀ sínú ìkòkò kékeré tó lọ́mọrí, kí eérú má bàa wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé e sáàárín tiwọn. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì san owó, iná wọn lẹ fẹ́ lò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iná tó láìsí ẹ̀rọ? Ẹ gbé ẹlẹ́rìí méjì sínú ìkòkò náà, kálukú nínú àwo amọ̀ kékeré tiẹ̀. Ọ̀kan ni èékù àlúmínì tó nípọn, irú ti ìkòkò tó fọ́, kì í ṣe bébà àlúmínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èkejì ni iyọ̀ oníhóró gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n. Àlúmínì máa ń yọ́ ní dígíríì 660, iyọ̀ máa ń yọ́ ní 801. Tẹ́ ẹ bá ṣí i lọ́jọ́ kejì tí àlúmínì ti yọ́ di gbàǹdù tí iyọ̀ ṣì wà ní hóró hóró, a jẹ́ pé àárín 660 sí 801 niná yín wà, ibi tá a fẹ́ gan-an. Tí méjèèjì bá yọ́, iná ti le díẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ náà ṣì lè wúlò. Tí kò sí èyí tó yọ́, ẹ tún un sun. Kó wà nínú iná yẹn fún wákàtí méjì ó kéré tán.

Ẹ̀rí kejì ni òṣùwọ̀n. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ yan amọ̀ náà nínú óófùn ní bíi dígíríì 110 títí omi ojú lásán fi tán, kẹ́ ẹ wọn gíráàmù 100. Kaolin tó mọ́ tó sì jinná, bíi gíráàmù 86 ló máa padà jẹ́. Tó bá jẹ́ 92 lẹ rí, bóyá kò jinná ni tàbí yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ padà síbi fífọ̀.

Áásíìdì

Ẹ jọ̀ọ́, apá yìí, ìta gbangba, ibọ̀wọ́ rọ́bà, awò ojú, kò gbọdọ̀ sọ́mọdé nítòsí, kẹ́ ẹ sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Áásíìdì bátìrì tuntun tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì là ń lò. Ẹ má ṣe lo èyí tí rẹ́wáyà tú jáde látinú bátìrì àtijọ́, òjé ti wà nínú ìyẹn, ẹ máa wá fi oògùn tẹ́ ẹ ń ṣe da májèlé sí gọ́tà ni.

Fún gíráàmù 100 amọ̀ sísun, ẹ wọn omi mílílítà 250 sínú ìgò ńlá tó ń gba iná tàbí ìkòkò tánganran tí kò tíì bó lára, kì í ṣe ìkòkò àlúmínì o, áásíìdì á jẹ ẹ́ lu. Ẹ wá máa da áásíìdì mílílítà 250 sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Áásíìdì la máa ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú áásíìdì, torí ó lè hó fín síni lójú. Lẹ́yìn náà ẹ máa bu amọ̀ sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, á máa gbóná fúnra ẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ gbé ìgò náà sínú ìkòkò omi gbígbóná, omi tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò tíì ru, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀pá gíláàsì tàbí igi rò ó lóòrèkóòrè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yẹn ni pé áásíìdì ń yọ àlúmínì kúrò lára amọ̀ náà, ibi tó ti yọ ọ́ ń di ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, ihò yẹn ló ń sọ amọ̀ di ohun tó ní ààyè púpọ̀ nínú. Àlúmínì tó sì jáde yẹn ò lọ ibì kankan, inú omi ló wà, òun àti áásíìdì sọ́fúríìkì ti di álọ́ọ̀mù, irú èyí tí àwọn tó ń fọ omi kànga ń rà lọ́jà. Ẹ má sè é kọjá wákàtí méjì torí ẹ rò pé púpọ̀ ló dáa, tí àlúmínì bá tán lára ẹ̀ pátápátá, yanrìn oníhò lásán ló kù, agbára iná tó fi ń fa nǹkan á ti lọ, agbára kátálíìsì náà á lọ.

Tó bá ti tutù, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ rọra da omi orí ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀rá, ẹ kọ ÁLỌ́Ọ̀MÙ ÁÁSÍÌDÌ sí i lára gàdàgbà, ẹ tì í mọ́lé. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ bu díẹ̀ sínú ìfe, kẹ́ ẹ máa kán omi kọ́sítíìkì sí i, nǹkan funfun tó rí bí ògì tó ń dì á yọ, tẹ́ ẹ bá tún kán kọ́sítíìkì jù bẹ́ẹ̀ á tún yòrò padà. Àlúmínì nìyẹn. Tó bá pọ́n bí ìpẹtà, irin wà nínú amọ̀ yín, kò burú fún omi aró.

Ìyẹ̀fun tó kù nísàlẹ̀, ẹ fi omi ṣan án bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún títí bébà pH (bébà tí àwọ̀ ẹ̀ ń fi hàn bóyá omi ní áásíìdì tàbí kọ́sítíìkì nínú) fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bó ṣe máa ń rí nínú omi lásán. Omi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ṣan án náà ní álọ́ọ̀mù, ẹ pò ó mọ́ ti kẹ́ẹ̀gì. Asẹ́ polyester ni kẹ́ ẹ lò o, áásíìdì ń jẹ aṣọ òwú. Ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi omi aró, ẹ dán an wò. Jẹ́ńṣàn fáyólẹ́ẹ̀tì, G.V. tí kẹ́mísì ń tà fún ojú egbò, iná pọ́sítíìfù ló ní. Ẹ kán díẹ̀ sínú lítà omi kan, ẹ pín in sígò mẹ́rin, mílílítà 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò kìíní, ẹ má fi nǹkan kan sí i, èkejì amọ̀ tútù gíráàmù kan, ẹ̀kẹta amọ̀ sísun, ẹ̀kẹrin amọ̀ oníáásíìdì. Ẹ mì wọ́n fún ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ máa fojú ara yín rí èyí tó ṣiṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí amọ̀ tútù ṣe dáadáa ju èyí tó jẹ́ sísun nìkan lọ, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú, sísun ò parí iṣẹ́, ó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún áásíìdì ni.

Omi aró gan-an

Omi aró àdìrẹ òde òní ní kọ́sítíìkì púpọ̀ nínú, ó tún ní haidirósì, ìyẹn kẹ́míkà tí àwọn aláró fi ń mú kí aró yòrò. Ẹ gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ṣí i sílẹ̀ dọjọ́ kejì, ẹ máa rò ó kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Haidirósì á kú, aró náà á padà di búlúù, apá kan nínú ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn, torí tí áásíìdì bá kan haidirósì tó ṣì lágbára, èéfín tó ń fún ni lọ́rùn ló ń jáde. Tó bá sì jẹ́ aró dúdú oní-sọ́fọ̀ lẹ lò, tó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́, ẹ má da álọ́ọ̀mù áásíìdì yìí sí i rárá, èéfín ìyẹn ń pààyàn.

Ẹ fi lítà kan dánra wò ná. Ẹ máa da omi álọ́ọ̀mù yín sí i ní mílílítà márùn-ún márùn-ún, ẹ rò ó, ẹ ki bébà pH bọ̀ ọ́. Kọ́sítíìkì inú omi aró àti áásíìdì inú álọ́ọ̀mù á máa pa ara wọn, tí pH bá ti wà láàárín 6 sí 7 ẹ máa rí i tí ìdìpọ̀ bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, á gbá aró mọ́ra, á rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, pé ohun tí ẹni tó ń ṣe amọ̀ fẹ́ dà nù ni ohun tí ẹni tó ń rẹ aró fẹ́. Iye mílílítà tó ṣiṣẹ́ fún lítà kan, ẹ fi ṣe ìṣirò fún dúrọ́ọ̀mù.

Omi orí ẹ̀ tó ṣì ní àwọ̀ díẹ̀, ẹ fà á sínú dúrọ́ọ̀mù kejì, ẹ da ìyẹ̀fun amọ̀ gíráàmù 2 sí 5 sí lítà kọ̀ọ̀kan, ẹ rò ó fún ìdajì wákàtí. Tí àwọ̀ náà ò bá kúrò, ó lè jẹ́ aró tó ní iná nẹ́gétíìfù bíi ti amọ̀, àwọn méjèèjì ń lé ara wọn. Amọ̀ tútù tá a ti fọ̀ la máa ń lò fún irú ìyẹn, kì í ṣe ti áásíìdì. Ẹ rẹ gíráàmù 100 ẹ̀ sínú omi tẹ́ ẹ yo gíráàmù 3.6 CTAB (kẹ́míkà kan tó dà bí ọṣẹ) sí, ẹ rò ó ní wákàtí mélòó kan, ẹ ṣan án dáadáa. CTAB yìí níná pọ́sítíìfù lórí, ìrù gígùn lẹ́yìn, á bo amọ̀ náà lára. Ẹ má ṣe é ju ìwọ̀n yẹn lọ, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú omi ń pa ẹja.

Ní Redeemer's University, tó wà ní Ẹdẹ báyìí, onímọ̀ kẹ́mísìrì Emmanuel Unuabonah àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Potsdam ní Jámánì gba ọ̀nà míì láti ṣe amọ̀ tó ń fọ omi, wọ́n po kaolin mọ́ kóró ìbẹ́pẹ, wọ́n sun ún pọ̀, ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde. Ìbẹ́pẹ tá à ń da kóró ẹ̀ nù lójoojúmọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ọṣẹ

Iṣẹ́ kátálíìsì amọ̀ ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Eugene Houdry, ọmọ Faransé, gbé ẹ̀rọ tó ń fọ́ epo rọ̀bì tó ki sí pẹ́tírọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní Paulsboro l'Amẹ́ríkà ní 1936, amọ̀ tí wọ́n ti fi áásíìdì ṣe ló wà nínú ẹ̀. Ìdí tó fi dáa ni pé áásíìdì náà ti di ara ìyẹ̀fun, tíṣẹ́ bá parí ẹ kàn sẹ́ ẹ kúrò ni, kò sí áásíìdì olómi tẹ́ ẹ máa wá ibi dà sí.

Nílé, epo pupa fún ọṣẹ lẹ lè fi gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ló ń dá epo lórí iná kọjá dígíríì 200 kó tó funfun, èéfín á sì bo gbogbo àdúgbò. Ẹ yan ìyẹ̀fun náà ní dígíríì 120 fún wákàtí méjì kí omi tán nínú ẹ̀, torí omi ń dí ibi tí agbára ẹ̀ wà. Ẹ gbé epo tí kò lómi rárá kaná dé 100 sí 110, ẹ da gíráàmù 20 sí 30 sí lítà kan, ẹ rò ó fún ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Àwọ̀ pupa á dín kù gan-an. Ọṣẹ nìkan o, kì í ṣe ọbẹ̀, a ò mọ irin tó wà nínú amọ̀ tẹ́ ẹ wà jáde.

Amọ̀ tó ti mu epo yẹn, ẹ má kó o jọ sínú àpò ẹ̀yìn ilé. Ó ń gbóná fúnra ẹ̀, ó lè gbiná láìsẹ́ni tó ṣáná sí i. Ẹ da omi sí i, ẹ gbé e sínú agolo irin tó ní ìdérí, níta. Èyí tó mu aró ní tiẹ̀, tó bá gbẹ, ẹ lè gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, iná á jó aró náà kúrò, ẹ tún un lò, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ á máa dín kù. Tó bá ti gbó, ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ amọ̀ bíríkì sísun. Ẹ má dà á sóko, àwọn aró kan ní kọ́pà tàbí kúrómíọ̀mù nínú.

Ní báyìí, dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà lẹ́yìn ilé àǹtí mi, ọ̀kan ga ju èkejì lọ kí omi lè ṣàn fúnra ẹ̀. Ó ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ife kan, ibi tí álọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé fún dúrọ́ọ̀mù kan, òun fúnra ẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó tó bọ́ sídìí ìkòkò aró, ìgò G.V. mẹ́rin yẹn sì ṣì wà lórí fèrèsé ẹ̀, ó ní kí àwọn oníbàárà máa rí i.